Ifá Kan Ò Sí ní Párá

Àwọn àgbà ní àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan ò sí ní párá. Ẹni tí wọ́n ń bá wí ni awo tó ti tẹ odù sójú ọpọ́n tán, tí ẹni tó wá dá Ifá jókòó tì í, tí ẹsẹ tó yẹ kó kì kò sì wá sí i lẹ́nu. Ló bá gbójú sókè, ó ń wo abẹ́ òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bá a fi í sí. Òótọ́ ni pé à ń fi nǹkan há párá. Àdá ń bẹ níbẹ̀, dòjé ń bẹ níbẹ̀, àwọn ìwé tí baálé kò fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn náà ń bẹ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, a ó na ọwọ́, a ó yọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi gbọ́n nìkan ni kò ṣe é há bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí nínú ẹni, kò sí níbì kankan.

Mo máa ń rántí òwe yìí bí mo bá rí bí a ṣe ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí àkọsílẹ̀ kan tó dára lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí lórí ogun Kírìjì. A ka ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, orí wa wú, a ní, "Háà, èyí dáa o!" A tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí fóònù lè bá wa fi í pamọ́, a fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, a sì kọjá síbi òmíràn. Ọkàn wa balẹ̀ pé a ti ní i. Ṣùgbọ́n kí la ní gan-an? Àdírẹ́sì ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé la ní. A kò tíì kan ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ dáadáa ni, ó sì mọ ohun tó dára. Lọ́jọ́ kan, ó fi àkọsílẹ̀ gígùn kan ránṣẹ́ lórí bí ilẹ̀ oko ṣe ń ṣá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i pé ẹ ka eléyìí o." Mo pè é.

"Mo ti rí i. Kí ni ọkùnrin náà sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ o. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èwo ló wà lọ́dọ̀ ìwọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n kà á tán ná, màá pè yín padà."

Ó pè mí padà lóòótọ́, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tó sọ kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó ti gbé ohun tó kà lé orí oko tí wọ́n ń dá nílé, ó ti bá òǹkọ̀wé náà gbà níbì kan, ó sì ti bá a jiyàn níbòmíràn pé irú òjò tiwa kọ́ ni ọkùnrin náà mọ̀. Mo sọ fún un pé ní báyìí, ó ti kàwé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ awo. Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, àmúlù 240. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan, ta ló lè kà á tán? Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ awo yóò máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò máa bá a gbé àpò, yóò máa tẹ̀ lé e re òde. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ́ ọ kó lè dá odù kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ á tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá á sọ, ọmọ á gbà á sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n tó fi tuntun kún un, yóò kì tàná jáde ná. Bí àwọn awo bá sì pé jọ, wọ́n a máa kì í sétí ara wọn; ẹni tó bá ṣì í sọ, wọ́n á dá a dúró. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ogún ńlá tí aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ṣùgbọ́n kí UNESCO tó gbọ́ orúkọ Ifá rárá, pípadà sórí ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́ ti pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ohun tí àwọn awo fi ṣe ìṣe, ọkùnrin kan ní Jámánì fi ara rẹ̀ dán an wò. Hermann Ebbinghaus lorúkọ rẹ̀, 1885 ló sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó to àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó kọ́ wọn sórí, ó wá ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń jò dànù. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ju ìdajì làálàá tó ṣe lọ tó ti ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Láti ibẹ̀ ni jíjò náà wá falẹ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Ó tún rí nǹkan kejì tó wú mi lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àtúnkà 38 tó pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe é lóore tó àtúnkà 68 tó kó jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ kì í tètè lọ bíi sílébù lásán. Síbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ kà lórí fóònù ní àárọ̀ àná, ẹ ó rí i pé Ebbinghaus kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àìsàn tó ń ṣe wá kọjá ìgbàgbé lásán. Wọ́n ṣe ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà tí a kò fi ní rí àyè dúró. Nígbà kan, bí a bá kà dé ìsàlẹ̀, a ní láti tẹ ibì kan kí èyí tó kàn tó ṣí. Àyè kékeré yẹn ni ènìyàn fi ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé kí n máa lọ ni àbí kí n dúró? Ní 2006, Aza Raskin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ kan tó mú àyè náà kúrò: bí o bá ti ń fa ojú ìwé sókè ni òmíràn ń yọ nísàlẹ̀, kò sì lópin. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ jáde sọ ní gbangba pé àbámọ̀ ni iṣẹ́ náà jẹ́ fún òun. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ èrè rẹ̀. Owó ìpolówó ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń jẹ. Bí ojú rẹ bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ìpolówó tí wọ́n lè fi hàn ọ́ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí o bá gbé fóònù sílẹ̀ láti ronú lórí ohun tí o kà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń rí kọ́bọ̀ jẹ lórí rẹ. Àǹfààní ìrònú, ìwọ nìkan ló ni ín. Nítorí náà, má retí kí fóònù rán ọ létí.

Ìwé kíkà ní èdè wa kò fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 15 ló sì ń jáde. Ohun tí Townsend ní lọ́kàn ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Ẹni tó bá rà á ní ọjọ́ 15 gbáko láti fi kà á, láti kà á sétí aládùúgbò tí kò mọ̀ ọ́n kà, àti láti jiyàn lé e lórí kí òmíràn tó dé.

Ní 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin náà ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ ròyìn irú ayé tí òun jẹ ní Èkó kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Èkó gbọ̀n. Àwọn òǹkàwé ń retí lẹ́tà tó kàn, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọn lẹ́tà náà. Ní 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ sínú ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn tó ṣáájú gbogbo èyí tí a ní ní èdè Yorùbá. Ní 2012, Karin Barber tún tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn náà dùn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ààyè tó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì náà bá a ṣiṣẹ́. Ààyè yẹn ni àwọn ará Èkó fi ń bi ara wọn pé, "Ta ni obìnrin yìí? Àdúgbò wo ló ń gbé? Ṣé lóòótọ́ ni?" Bí gbogbo lẹ́tà náà bá dé lálẹ́ ọjọ́ kan lórí fóònù, bóyá ni wọ́n máa rántí orúkọ rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tó le tó báyìí náà ni? Bí èèyàn bá gbàgbé ohun tó kà, kí ló bàjẹ́?" Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer fi ọkọ̀ òfúrufú gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ, àna ń pe àna, pásítọ̀ ń pe ọmọ ìjọ. Wọ́n jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iyọ̀ ti ṣe àwọn kan léṣe: wọ́n gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn, àwọn kan sì kú. Ìfẹ́ ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Ohun tí wọn kò ní ni ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọn ì bá fi kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n béèrè pé, ta ló sọ ọ́, báwo ni òun ṣe mọ̀, kí ni iyọ̀ ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀?

Ní àsìkò kan náà, iṣẹ́ mìíràn ń lọ tí kò sí ariwo nínú rẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó ti fara kan àwọn tó lárùn náà kiri. Àwọn tí wọ́n wá rí sún mọ́ 900. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ bá a nílé, wọ́n ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọ́n á tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Pẹ̀lú Sawyer, ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Pípadà lọ wo ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i ló gba ìlú là. Iyọ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹni tó bá sì gbójú lé ohun tó fi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó mọ̀ pé párá náà ń jò. Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà wá àwọn ojú ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013. Nígbà tí ọdún 10 fi pé, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti di àwátì. Pocket, tí Nate Weiner dá sílẹ̀ ní 2007 kí àwọn ènìyàn lè máa fi ohun tí wọ́n fẹ́ kà tó bá yá pamọ́ síbẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Mozilla ní 2017. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n tì í pa. Wọ́n ní kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀. Internet Archive tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996 ń gbìyànjú gidigidi láti tọ́jú èyí tó lè tọ́jú, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tọ́jú sí San Francisco kò tíì di ohun tí ìwọ mọ̀ ní Ìbàdàn.

Mi ò bá íntánẹ́ẹ̀tì jà o. Ìwé wọ́n lọ́jà, ilé-ìkàwé kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì bá tí rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń kà bí kò bá sí fóònù. Láti 2018 ni BBC ti ń fi Yorùbá kọ ìròyìn. Àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tà mọ́ ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà tí a fi owó gidi rà la sì fi ń kà wọ́n. Nítorí pé ó jẹ́ ilé-ìkàwé wa ni mo ṣe ń sọ pé kí a lò ó bí ilé-ìkàwé, kí a yé lò ó bí ọjà tí a kàn ń gbà kọjá.

Bí èmi ṣe ń ṣe é kò le. Ìwé onílà kan wà lórí tábìlì mi, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ojú ìwé kan fún àkọsílẹ̀ kan. Lókè, mo kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí mo kà á. Lẹ́yìn náà, mo pa fóònù dé, mo sì kọ ohun tó sọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí. Bí bírò bá dúró, mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò tíì yé mi, n ó padà lọ kà á. Mi ò kì í kọ ojú ìwé náà kún. Mo máa ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ojú ìwé kan wà tí mo kọ "pákí àti májèlé" sí lókè. Àkọsílẹ̀ náà ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú pákí tó lè di sáyánáìdì, pé bí a bá lọ pákí, májèlé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pé bí a bá fi í sílẹ̀ tó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Mo kọ ọ́, mo sì ṣí i kọjá. Nígbà tó yá, ọ̀nà gbé mi dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí. Àpò pákí lílọ̀ jókòó sábẹ́ jáàkì, omi funfun ń kán tótó nídìí rẹ̀, òórùn kíkan gba gbogbo ibẹ̀. Mo bi ẹni tó dàgbà jù nínú wọn pé, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò kàn yan án lónìí?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí kò kan, inú ló ń run ènìyàn." Mo délé, mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Láti ọjọ́ náà, mi ò nílò láti ṣí ìwé kí n tó sọ ìdí tí gàrí fi gbọ́dọ̀ kan. Òǹkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì mú ìdajì wá, ìyá onígàrí mú ìdajì yòókù. Bí kò bá sí àyè òfìfo yẹn, wọn kì bá tí pàdé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ló yẹ fún irú ìtọ́jú yìí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀kan, áḿbọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló bá ta jà, aṣọ wo ni òṣèré wọ̀ lọ sí àríyá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìgbàgbé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fi ń yan tèmi ni ìbéèrè kan: bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, ṣé nǹkan kan wà tí n ó ṣe yàtọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó di ojú ìwé kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti gbádùn rẹ̀, ó tó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nínú gbogbo ohun tí ẹ ti fi pamọ́ sínú fóònù yín, ẹ mú ẹyọ kan lónìí. Ẹ kà á dé òpin. Ní ọ̀la, láìwo fóònù, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan nínú ilé. Bí ó bá bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ padà lọ kà á. Èyí tó kù, bí ẹ bá fẹ́, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ẹ kò tíì ní in.